Ohun Tí Ẹ Fẹ́ràn Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Wikipedia

Lẹ́yìn tí abala yìí mẹ́nu ba Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí ayélujára tí Jimmy Wales àti Larry Sanger dá sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, tí ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kọ̀wé sí wa láti béèrè bí ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, tí kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣe lè dá sí iṣẹ́ náà. A kó àwọn ìbéèrè tí ó jọra pọ̀, a sì yan àwọn tí ìdáhùn wọn yóò ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin. Mo mọ orúkọ àwọn ìdíkọ̀ láti Ìddó títí dé Jẹ́bà, mo sì ní àwọn fọ́tò tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Ọmọ mi ní kí n lọ kọ ohun tí mo mọ̀ sí Wikipedia. Ṣé wọn yóò gba ẹni tí kò ka ìwé dé yunifásítì? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Bàbá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ yín. Orúkọ ìwọlé kan àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni ẹ nílò, orúkọ náà kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ èyí tí àwọn òbí yín sọ yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó ní ojú ewé kan tí ó jẹ́ tiyín, tí à ń pè ní ojú ewé oníṣe; oníṣe ni orúkọ tí à ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ nǹkan sí Wikipedia. Ibẹ̀ ni àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ti ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn àti ohun tí wọ́n ti ṣe: ẹlòmíràn á ní ẹyẹ igbó ni òun ń kọ nípa rẹ̀, ẹlòmíràn á ní bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn á ní àwọn afárá àtijọ́, wọn á sì to orúkọ àwọn àyọkà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti tún ṣe síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni tiyín, kí ẹ sì sọ àwọn èdè tí ẹ gbọ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rélùwéè bá rú lójú lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni ó yẹ kí òun wá. Gbólóhùn bíi mẹ́ta ti tó.

Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fi àyọkà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá èyí tí ó ti wà nílẹ̀ lórí rélùwéè Nàìjíríà, kí ẹ kà á bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà náà dáadáa. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ ìdíkọ̀ kan kọ, ẹ tún un kọ. Bí ọdún kan bá sọnù, ẹ fi í sí i. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909, nígbà tí yóò sì fi di 1912, ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Àwọn ọdún wọ̀nyí kò ṣòro láti rí nínú ìwé. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìtàn ìdíkọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ọjà tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá, àti ìgbà tí ọkọ̀ kò dúró níbẹ̀ mọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó sí Ìbàdàn lórí ojú irin tí ó gùn tó kìlómítà 157, ojú àwọn ènìyàn ti kúrò lára ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ̀ pé ojú irin méjèèjì kò fẹ̀ bákan náà, pé mìlímítà 1,067 ni àlàfo àárín irin méjì ti àtijọ́, tí ti tuntun sì jẹ́ 1,435, àti pé ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ọ̀kan kò fi lè gun ojú irin èkejì. Ẹni tí ó ti fi ojú rí méjèèjì ni ó lè ṣàlàyé irú nǹkan báyìí kí ó yé ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ti ń kọ gbólóhùn kan ṣoṣo hàn yín. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “Ìdíkọ̀ Ìbàdàn ni ó lẹ́wà jù lọ, gbogbo ènìyàn ni ó sì fẹ́ràn rẹ̀,” kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé “Ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní ọdún 1901,” tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtọ́kasí ní ìparí gbólóhùn náà, tí ẹ sì kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé ìwé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ àti ojú ewé tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí tí ó bá ṣí sílẹ̀, nọ́ńbà kékeré kan yóò yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ nọ́ńbà náà yóò rí ibi tí ẹ ti mú ọ̀rọ̀ yín wá. Ìtọ́kasí yìí ni yóò máa gbèjà gbólóhùn yín nígbà tí ẹ bá ti sùn, tàbí nígbà tí ẹ kò bá sí níbẹ̀ mọ́ rárá.

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣòro fún àwọn àgbà òṣìṣẹ́ láti gbà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún yín kí ó má bàa bà yín lọ́kàn jẹ́ nígbà tí ẹ bá débẹ̀: ìrírí yín fúnra rẹ̀ kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ìtọ́kasí. Pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kà á ní Kánádà kò ní ọ̀nà tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àǹfààní tí ìrírí ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó wá àti ibi tí ẹ ó ti wá a, ẹ sì ti wà ní ìlú tí ó dára jù fún un. Ilé-ìkówèésí Kenneth Dike wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà nínú ọgbà yunifásítì náà. Ẹ lọ sibẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé àjákọ.

Ní ti fọ́tò yín, ìṣúra ni. Wikimedia Commons ni orúkọ ibi tí à ń kó àwòrán sí. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀, gbogbo ẹ̀dà Wikipedia ní èdè gbogbo ni ó sì lè mú àwòrán lò láti ibẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí ẹ ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ìdíkọ̀ tí ó jẹ́, àti nọ́ńbà ara ọkọ̀ bí ẹ bá rántí. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀ pé àṣẹ tí ẹ ń fún aráyé kò ṣe é gbà padà: ẹnikẹ́ni lè lò ó, títí kan ẹni tí yóò fi í pa owó, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti dárúkọ yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó yà á. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó tọ́jú fọ́tò rẹ̀ sílé; kò sí ẹni tí yóò bínú sí i.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń kó ìtàn ìlú wa jọ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà ìsinmi. Mo kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sí Wikipedia, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò pé kò ní ìtọ́kasí. Ṣé irọ́ ni ìtàn àwọn baba wa lójú wọn ni? (Olùkọ́ kan, ẹ̀bá Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn yín, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ni kò tíì sí nínú ìwé kankan. Àmọ́ àwọn tí ó yọ ọ́ kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Wikipedia kì í jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ kan yóò ti jáde. Ohun tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde ni a ń kó jọ síbẹ̀. Òfin yìí de onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan tuntun nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ bí ó ti de ẹ̀yin. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n náà ni Wikipedia sì fi ń dúró.

Ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson. Irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí gan-an ni ó ṣe. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà tí ogun ṣojú wọn, ó sì parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ tí ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, tí ó fi jáde ní 1921. Títí di ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun tí àwọn arọ́kin sọ; láti ọdún yẹn wá, ó ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ níbikíbi lágbàáyé lè ṣí wò, kí ó gbà á tàbí kí ó jiyàn rẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ tọ̀. Nígbàkigbà tí àgbà kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀, agboolé rẹ̀, ọjọ́ tí ó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó sọ pé ó sọ fún òun. Ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí ti èdè Yorùbá ní yunifásítì tí ó súnmọ́ yín, kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́ nínú jọ́nà, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ ìwádìí wọn sí; bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ́ fún ìwé ìròyìn tí ó ní olóòtú. Ìwé pẹlẹbẹ tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ dára fún àwọn ọmọ ìlú, ó sì yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára lójú àwọn oníṣe, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá sì ti jáde, ẹ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí ara rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ojú ewé ìjíròrò àyọkà náà pé irú ìwé báyìí ti wà, kí ẹlòmíràn fi í sí i. Ní báyìí ná, bí àwọn àgbà bá fi ọwọ́ sí i, ẹ lè gbé ohùn wọn tí ẹ gbà sílẹ̀, pàápàá oríkì ìlú, sí Wikimedia Commons. Ojú ni mo fi ń wo bí àwọn tí ó mọ oríkì wọ̀nyí dé ìdí ti ń dínkù, n kò sì rò pé ó yẹ kí a dúró de jọ́nà kankan kí a tó gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ìtàn lè yapa. Johnson kọ ìtàn tí ó gbọ́ sílẹ̀ pé ìlà-oòrùn, láti Mẹ́kà, ni Odùduwà ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn Ifẹ̀ sì ni pé ojú ọ̀run ni ó ti fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wá sí Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ oníṣe láti dá ẹjọ́ náà. Ẹ ó kọ ọ́ pé báyìí ni ìtàn tí Johnson kọ sílẹ̀ wí, báyìí ni ìtàn Ifẹ̀ wí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́kasí tirẹ̀, kí òǹkàwé sì ronú fúnra rẹ̀. Bí ìlú yín àti ìlú kejì bá ń jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibì kan dó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dun àwọn ará ilé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ Yorùbá, mo sì ń kà á, ṣùgbọ́n àmì ohùn ń dà mí láàmú. Ṣé kí n máa kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ bá mi túmọ̀ àwọn àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá? (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, Yorùbá ni kí o kọ. Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì ní àyọkà tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ti Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ju 30,000 lọ ni, púpọ̀ nínú wọn kò sì gùn ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Ibi tí ọwọ́ kò pọ̀ sí ni ọwọ́ kan ti ń hàn.

Ní ti ẹ̀rọ, àwọn oníṣe ní irinṣẹ́ ìtumọ̀ kan tí ó ń gbé àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan, tí ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ti Yorùbá ní apá kejì. Lò ó, ó wúlò. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má ṣe tẹ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ jáde bẹ́ẹ̀. Mo ti ka àwọn àyọkà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú wọn jẹ́ Yorùbá, tí kò sì sí ọmọ Yorùbá kan tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé, ó sì dùn mí, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ bá irú rẹ̀ pàdé yóò rò pé èdè wa kò gba ìmọ̀. Ka ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè. Bí ìyá rẹ tàbí àǹtí rẹ tí ó wà nílé kò bá lóye rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, tú u ká, kí o sì tún un sọ ní ọ̀nà tí àwọn yóò gbà sọ ọ́. Àyọkà kúkúrú tí ó já gaara sàn ju èyí tí ó gùn tí kò yéni lọ. Rántí pẹ̀lú láti kọ ọ́ sínú àpótí àkótán àtúnṣe pé láti inú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì ni o ti túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn tí ó kọ ọ́ ṣáájú rẹ ni.

Àmì ohùn ṣe é kọ́. Fi pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá sí orí fóònù rẹ, kí o sì máa wo ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun kan wà tí ó yẹ kí o mọ̀ nípa àkọlé: lẹ́tà bíi “ọ̀” kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ ni, tí a wá gbé àmì ohùn lé lórí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá “Osogbo” lè má bá àyọkà tí ó ń jẹ́ “Òṣogbo” pàdé. Bí o bá ti fi àkọlé tí ó ní àmì dá àyọkà sílẹ̀, tún ṣe ojú ewé kejì tí kò ní àmì, tí yóò máa darí ènìyàn lọ sí ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí o kọ.

Ní ọjọ́ tí ó bá sì rẹ̀ ọ́ láti kọ ìpínrọ̀, lọ sí Wikidata, àkójọ ìsọfúnni tí àwọn ẹ̀dà Wikipedia jọ ń lò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, kí o máa fi orúkọ Yorùbá sí àwọn ìlú, ẹranko àti ewéko tí kò tíì ní in.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò bàbá mi jẹ́ oníṣòwò pàtàkì. Mo kọ àyọkà nípa wọn, wọ́n pa á rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹnìkan ti wá ní kí a san owó, kí òun bá wa gbé e padà. (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Èkó)

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Àyọkà máa ń dúró nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn tàbí ìwé mìíràn, tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni náà, bá ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní kíkún. Ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìpolówó ọjà kò sí lára rẹ̀. Àwọn ẹbí kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó yẹ láti kọ ọ́, nítorí ìfẹ́ kì í jẹ́ kí a rí àbùkù. Láti ọdún 2014 sì ni àwọn àdéhùn ìlò Wikipedia ti là á kalẹ̀ pé ẹni tí ó bá ń gba owó láti kọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó san án fún un. Ẹni tí ó bá ní òun yóò ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ ti rú òfin kí ó tó bẹ̀rẹ̀, owó yín yóò sì bá a lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kì í sùn bọ̀rọ̀ mọ́. Labalábá ni ó ń kọ nípa rẹ̀ sí Wikipedia yìí. Wọn kò san nǹkan kan fún un. Ṣé kí n dá a dúró? (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má dá a dúró, ẹ bá a fi ìgbà sí i. Òótọ́ ni pé kò sí owó níbẹ̀. Wikimedia Foundation, àjọ aláàánú tí ó wà ní San Francisco, ni ó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà, ọrẹ àwọn òǹkàwé ni wọ́n sì fi ń gbé e ró. Wọn kì í gba ìpolówó ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń wá orúkọ sáyẹ́ǹsì labalábá, tí ó ń fi ìwé méjì wéra kí ó tó kọ gbólóhùn kan, tí àjèjì sì ń tọ́ka àṣìṣe rẹ̀ sí i tí ó ń dáhùn pẹ̀lú sùúrù, ti ń kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kọ́ títí wọn yóò fi wọ yunifásítì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bójú tó ni ojú ewé oníṣe rẹ̀. Kí ó kọ labalábá síbẹ̀, kí ó kọ èdè tí ó gbọ́. Kí ó má kọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àdúgbò yín tàbí nọ́ńbà fóònù, kí ó má sì fi fọ́tò ara rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá lè bá a rìn lọ sí ibi tí labalábá pọ̀ sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kí ó ya fọ́tò tirẹ̀, inú mi yóò dùn.

ÌBÉÈRÈ: Mo tún àyọkà kan ṣe pẹ̀lú ìtọ́kasí, ẹnìkan sì dá a padà sí bí ó ti wà. Mo tún un ṣe, ó tún dá a padà. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ dáwọ́ dúró ná. Nínú Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá dá àtúnṣe ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lórí àyọkà kan láàárín wákàtí 24, yálà ó jàre tàbí ó jẹ̀bi. Kò sí ohun tí ó sọnù: ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ “Ìtàn” sí lókè àyọkà náà, ẹ ó rí gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ oníṣe àti wákàtí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú ewé ìjíròrò, ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ fi sí i, ẹ kọ ìwé tí ẹ ti mú un àti ojú ewé rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé kí ni ó rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lè jẹ́ pé ìwé tí ẹ lò ti pẹ́ jù, ó sì lè jẹ́ pé òun ni kò kà á dáadáa. Bí ó bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ tún fi àtúnṣe yín sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àpótí àkótán pé ẹ ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ojú ewé ìjíròrò.